Kíláàsì, ìdíje, I.T. tàbí ilé-iṣẹ́ onísáyẹ́ǹsì: ọ̀nà wo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ gbà kọ́ ìdókòwò?

Gbogbo ẹni tó bá wọ yunifásítì ní Nàìjíríà lónìí ló máa jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ ìdókòwò. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde ní ìparí ọdún 2022, ENT 211 wà fún àwọn ọdún kejì, ENT 312 wà fún àwọn ọdún kẹta, yúnítì 2-2 sì ni wọ́n. Kò sí yíyàn níbẹ̀. Ohun tí ẹ máa fi kún un ni yíyàn wà nínú rẹ̀, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí ìmọ̀ oògùn ní OAU, tí ẹ sì ń rí i lójoojúmọ́ pé nǹkan gidi wà nínú àwọn láàbù wa tí kò tíì dé ọjà.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Ẹ lè fi mọ sí kíláàsì. Ẹ lè wọ ìdíje. Ẹ lè fi àsìkò I.T. yín, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí ilé-ìwé ń rán yín lọ ṣe níta, ṣe é. Ẹ sì lè wọ irú ẹ̀kọ́ tó ń so akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun tó ti inú ìwádìí sáyẹ́ǹsì jáde. Orí ìkẹrin yìí ni mo máa pẹ́ sí jù, torí pé òun ló lérè jù fún ẹni tó bá bọ́ sí i dáadáa, òun náà ló sì máa ń tètè bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ má kọ́kọ́ wo orúkọ ètò, ẹ wo àkókò. Sẹ̀mẹ́sítà kan kì í ju bí ọ̀sẹ̀ 15 lọ, ẹ sì tún máa yọ ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ àti ti ìdánwò kúrò nínú rẹ̀. Sáyẹ́ǹsì kì í dúró de sẹ̀mẹ́sítà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá gbìn lónìí máa lo nǹkan bí oṣù 9 sí 12 kó tó ṣe é wà. Oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gba nọ́ńbà NAFDAC fún gbọ́dọ̀ la àyẹ̀wò kọjá. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ara yín lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni pé: èwo nínú iṣẹ́ yìí ló lè parí kí sẹ̀mẹ́sítà tó tán?

Owó ló tẹ̀ lé e, kì í sì í ṣe owó fọ́ọ̀mù nìkan. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, láti géètì dé Lágere, láti Ifẹ̀ dé Iléṣà. Owó dátà wà níbẹ̀. Wákàtí tí ẹ máa yọ lára ìwé kíkà náà, owó ni.

Ẹ̀kẹta, ṣé ètò náà máa dúró bí ilé-ìwé bá tì pa? Lọ́dún 2022, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, oṣù 8 gbáko. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà lórí kọ̀ǹpútà lè máa bá a lọ nínú yàrá rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU mẹ́ta tó dá Jobberman sílẹ̀ ní 2009, àsìkò ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú fìríìjì láàbù kò ní irú àǹfààní yẹn. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn, tí iná lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì tan jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ oṣù púpọ̀ lè bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ìmọ̀ràn lẹ́nu àwọn tó fi áàpù jẹun. Ìmọ̀ràn wọn dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwọn ló bá mu.

Ìkẹyìn ni ohun tó máa kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá parí: máàkì ni àbí ìwé ẹ̀rí, àwọn èèyàn tí ẹ mọ̀ ni, àbí iṣẹ́ tí ẹ lè fi hàn.

Kíláàsì nìkan

Òun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun ló sì dájú jù. Ẹ ti sanwó ilé-ìwé ná, kóòsì náà wà lórí ìwé yín, bí ilé-ìwé bá sì tì pa, ẹ máa bá a níbi tí ẹ ti fi í sílẹ̀. Ohun tó máa kọ́ yín kì í ṣe nǹkan kékeré: bí a ṣe ń kọ ètò òwò, bí a ṣe ń ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde, bí a ṣe ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Láti ìgbà òfin ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA, ti 2020, ẹnì kan ṣoṣo pàápàá lè dá ilé-iṣẹ́ kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ láìwá ẹnì kejì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò mọ èyí, inú kíláàsì ló sì yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ibi tó kù sí ni pé kíláàsì tó kún dẹ́nu kò lè kọ́ yín bí ẹ ṣe máa kojú ẹni tí kò fẹ́ ra ọjà yín. Òwò tí wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ níbẹ̀, bíi ọṣẹ, kéèkì àti bàtà, kì í ní ìṣòro tí òwò sáyẹ́ǹsì ní. Kò sẹ́ni tó nílò àyẹ̀wò ọdún méjì kó tó ta kéèkì.

Ìdíje

Hult Prize, tí ẹ̀bùn rẹ̀ lágbàáyé jẹ́ mílíọ̀nù 1 dọ́là, àti Enactus ni orúkọ wọn máa ń dún jù lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdíje ń la ẹnu èèyàn. Ó ń kọ́ yín bí ẹ ṣe máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ ohun tó gba ọ̀jọ̀gbọ́n ní wákàtí kan láti ṣàlàyé, ó sì ń kó ọmọ Agric, ọmọ Law àti ọmọ Accounting jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Owó rẹ̀ kò pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń borí, tí ìrìn-àjò sì dé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ohun tí ẹ fẹ́ gbé sórí pèpéle bá jẹ́ ìhùmọ̀ láàbù, ẹ má sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ níwájú ògìdìgbó kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Òfin pátẹ́ǹtì ilẹ̀ wa, tó ń dáàbò bo ẹni tó ni ìhùmọ̀, ní kí ìhùmọ̀ jẹ́ tuntun ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ìwé ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ti gbọ́ kì í ṣe tuntun mọ́. Òfin náà fi ààyè oṣù 6 sílẹ̀ fún ohun tí olùhùmọ̀ pàtẹ níbi ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ìdíje inú ọgbà kì í ṣe irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè sọ ìṣòro tí ẹ fẹ́ yanjú, ẹ lè sọ iye èèyàn tó ń jìyà rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀nà tí ẹ gbé e gbà sínú.

I.T.

Àjọ ìjọba ITF ti ń ṣe ètò SIWES, tí I.T. yín wà lábẹ́ rẹ̀, láti 1973. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì, oṣù 6 ni. Àǹfààní ńlá nìyẹn: kò sí kíláàsì tó ń fà yín lẹ́sẹ̀, ẹ sì máa wà níbẹ̀ pẹ́ tó láti rí i nígbà tí nǹkan bá ń lọ dáadáa àti nígbà tí kò lọ. Nínú gbogbo ọ̀nà mẹ́rin yìí, òun nìkan ni gígùn rẹ̀ sún mọ́ ti sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá ní Èkó nítorí orúkọ àti owó oṣù. N kò bá wọn jà. Owó ilé àti owó oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n bí òwò sáyẹ́ǹsì bá jẹ yín lógún, ẹ wo àyíká yín kí ẹ tó di ẹrù. Ẹ̀ka ìwádìí àti ìpèsè oògùn, ìyẹn DRPU, wà lábẹ́ Faculty of Pharmacy ní OAU. CERD, tó ń ṣèwádìí lórí agbára iná, wà nínú ọgbà. Olú ilé-iṣẹ́ NACETEM, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àkóso ìmọ̀ ẹ̀rọ, Ifẹ̀ níbí ló wà. Ẹni tó bá gbé I.T. rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe nǹkan tirẹ̀ máa fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá kì í gbé fún akẹ́kọ̀ọ́.

Kí ẹ tó gbà, ẹ rí i dájú pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó kàwé nínú ẹ̀ka yín, tó sì lè fọwọ́ sí logbook yín ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí ẹni tó ṣe I.T. níbẹ̀ gbẹ̀yìn ṣe. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ó ń bá wa ṣe gbogbo nǹkan", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fọ́tòkọ́pì àti oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń rán an.

Ẹ̀kọ́ tó ń so yín pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ onísáyẹ́ǹsì

Yunifásítì Cambridge ní irú ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n ń pè é ní i-Teams: wọ́n á kó akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi ẹ̀ka jọ, wọ́n á fà wọ́n lé onímọ̀ kan tó ní ìhùmọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á sì ní kí wọ́n wá ẹni tó lè rà á lọ. Ní Amẹ́ríkà, NSF, àjọ tó ń náwó sí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-Corps ní 2011. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 7 ni iṣẹ́ náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ bá 100 èèyàn sọ̀rọ̀ kó tó parí. Yálà ẹ̀ka yín ló gbé irú rẹ̀ kalẹ̀, tàbí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín mẹ́ta lẹ lọ bá olùkọ́ kan pé "Sà, ẹ jẹ́ ká bá yín wá ọjà fún iṣẹ́ yìí", bákan náà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú i-Teams àti I-Corps, kì í ṣe láàbù ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ èèyàn ni. Ìdí nìyẹn tó fi bá sẹ̀mẹ́sítà mu: ẹ kò lè parí àyẹ̀wò oògùn láàárín ọ̀sẹ̀ 15, ṣùgbọ́n ẹ lè bá 100 èèyàn sọ̀rọ̀. Bí ilé-ìwé bá sì tì pa, Ọjà Titun kì í tì, Sábó kì í tì, Modákẹ́kẹ́ kì í tì.

Àwa ní Ifẹ̀ tún ní nǹkan kan tó yẹ ká lò. A gbọ́ èdè àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé ọmọlúàbí ni wọ́n. Ẹ bá ìyá kan lórí àtẹ rẹ̀, ẹ ní "Ìyá, bí a bá ṣe é, ṣé ẹ máa rà á?" Á ní "Ha, a máa rà á o, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́." Àdúrà ni, kì í ṣe owó. Ẹ kí i pé ẹ kú ọjà, ẹ ra nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá bi í ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀: Kí lẹ fi ń ṣe é báyìí? Èló lẹ rà á? Ìgbà wo ló bàjẹ́ gbẹ̀yìn, èló ló bá a lọ? Ìdáhùn irú ìbéèrè wọ̀nyí ni onímọ̀ inú láàbù kò ní, òun sì ni ẹ̀bùn tí ẹ máa gbé padà wá bá a.

Irú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá so yín mọ́ máa ń yí ohun gbogbo padà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú, mo máa gba ọ̀pọ̀ yín níyànjú láti mú èyí tó jẹ mọ́ irè oko. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wà kì í pé ọjọ́ 2 sí 3 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ní ọ̀nà láti fa ọjọ́ yẹn gùn ní oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Èèpo rẹ̀ tí à ń dà nù, àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ti fi hàn pé ó ṣe é sọ di oúnjẹ ẹran tó dára. Kòkó náà ńkọ́? Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n odidi kòkó ló jẹ́ èèpo. Àwọn ìyá wa ti ń fi eérú rẹ̀ se ọṣẹ dúdú kí yunifásítì tó dé Ifẹ̀ ní 1967. Ibi tí oníbàárà ti mọ ohun èlò náà dáadáa báyìí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti tó láti mọ̀ bóyá òwò wà níbẹ̀. Owó ọkọ̀ lọ sí oko ni yóò gbọ́n yín lápò, ẹ sì gbọ́dọ̀ wo ìgbà: kòkó máa ń pọ̀ láti bí oṣù kẹwàá títí di ìparí ọdún. Sẹ̀mẹ́sítà tó bọ́ sí àsìkò mìíràn kò ní bá a tó bẹ́ẹ̀ lóko.

Ti oògùn ìbílẹ̀ yàtọ̀. Ifẹ̀ lórúkọ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ Faculty of Pharmacy ti ṣèwádìí lórí àgbo ibà kan tí wọ́n pè ní MAMA, tí wọ́n fi ewé mángòrò, ahùn, orúwo àti dóńgóyárò ṣe. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n irú ọjà bẹ́ẹ̀ kì í yára. Bí ẹ bá bọ́ sí ọ̀dọ̀ irú ilé-iṣẹ́ yìí, ẹ sọ fún ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ kò ní rí ọjà náà lórí igbá kí ẹ tó jáde. Iṣẹ́ tó kàn yín ni iye owó, bí wọ́n ṣe máa dì í, àti ta ni ó ń ra àgbo, níbo, ní aago mélòó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ máa tà á fún àwọn ará họ́ọ̀lù kí ó tó gba nọ́ńbà NAFDAC, ẹ kọ̀. Ara èèyàn ni.

Ẹ̀rọ ìwòsàn àti ẹ̀rọ àyẹ̀wò gba sùúrù ní ọ̀nà mìíràn. Ilé-ìwòsàn OAUTHC wà nílé níbí, Wesley Guild tó jẹ́ apá kan rẹ̀ sì wà ní Iléṣà, nítorí náà àwọn tó máa lò ó kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè wọ wọ́ọ̀dù lọ bi aláìsàn ní ìbéèrè ìwádìí láìgba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí, ìwé náà sì lè jẹ ìdajì sẹ̀mẹ́sítà. Ẹ tún máa rí i pé dókítà ló máa lò ó, aláìsàn ló máa jàǹfààní rẹ̀, ẹlòmíì pátápátá ló máa sanwó. Bákan náà ni ẹ̀rọ tó ń yẹ omi wò. Agbègbè Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, tí iléeṣẹ́ Segilola sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ jáde láti 2021, jẹ́ ibi tó yẹ kí àwọn ará abúlé ti lè mọ ohun tó wà nínú omi wọn. Ta ni ó máa ra ẹ̀rọ náà, ìjọba ìbílẹ̀ ni, iléeṣẹ́ awakùsà ni, àbí baálé? Ẹgbẹ́ tó bá dáhùn ìbéèrè yẹn ti ṣe iṣẹ́ ńlá, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan wáyà kankan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ìhùmọ̀, torí ó ń dùn mí. Ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, èso rẹ̀ dùn, àwọn baba wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1972 àwọn onímọ̀ ní Netherlands yọ ohun adùn inú rẹ̀ sọ́tọ̀, ìyẹn thaumatin, tó fi bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Iléeṣẹ́ Tate & Lyle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ọjà, wọ́n pè é ní Talin. Inú igbó wa ni ewé náà ń hù. Mímọ̀ pé nǹkan dára kò tó, òfin kò sì ka ìṣàwárí lásán sí ìhùmọ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀nà tuntun láti lò ó, tó sì gbé ìwé sílẹ̀, ni òfin ń fún ní pátẹ́ǹtì ọdún 20.

Fún ìdí èyí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun fún ilé-iṣẹ́ tí wọ́n so yín mọ́, ẹ béèrè ìwé. Òfin pátẹ́ǹtì wa ní ohun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti agbanisíṣẹ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Àárín ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kan ti tó: ohun tí onímọ̀ náà gbé wá jẹ́ tirẹ̀, ohun tí ẹ kọ jọ lẹ́nu àwọn oníbàárà ẹ lè fi hàn fún agbanisíṣẹ́ lọ́la láìsọ àṣírí láàbù, bí ẹ bá sì fi ìhùmọ̀ kún ìhùmọ̀, orúkọ yín máa wà níbẹ̀. NOTAP, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti ran ọ̀pọ̀ yunifásítì lọ́wọ́ láti dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní IPTTO. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀. Olùkọ́ tó bá bínú nítorí pé ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ti sọ bí iṣẹ́ náà ṣe máa rí fún yín.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ọ̀nà yìí wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ìyẹn onímọ̀ náà. Bí kò bá lè fún yín ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó. Ẹ wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ náà wà lórí ìwé CAC, tàbí ìfẹ́ ọkàn ló ṣì jẹ́. Ẹ béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀ tí kò tíì mọ̀. Ẹni tó bá ní "ẹ kàn bá mi polówó rẹ̀" kò nílò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìwádìí, ẹni tó ń tajà ló ń wá.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ẹ bá wà ní ọdún kejì tí máàkì yín kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ fi mọ sí kíláàsì ná, kí ẹ sì ṣe é tọkàntọkàn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti sọ̀rọ̀ ní gbangba, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àṣírí láàbù nínú, kó lọ díje lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ọmọ Pharmacy tó fẹ́ fọwọ́ kan ohun èlò fúnra rẹ̀, tó sì lè gbé níbì kan fún oṣù 6 láìjẹ òbí rẹ̀ ní gbèsè, I.T. ni mo ní kó mú, ní ilé-iṣẹ́ kékeré. Bí owó bá há, kó ṣe é nínú ọgbà tàbí ní ìlú tí òbí rẹ̀ ń gbé.

Ẹ̀kọ́ ìsopọ̀ yẹn jẹ́ ti àwọn ọdún kẹta àti ìkẹrin tó ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nínú ìwé, tí wọn kò tijú èèyàn, tí wọ́n sì lè yọ ọjọ́ kan pátápátá sílẹ̀ lọ́sẹ̀. Kì í ṣe ọmọ sáyẹ́ǹsì nìkan ni mò ń bá wí. Ẹgbẹ́ tí kò ní ọmọ Accounting tàbí ọmọ Law nínú máa ń mọ bí ọjà ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sì ní mọ èló ló yẹ kó tà á. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lọ títí dé ọ̀mọ̀wé, kó wọ̀ ọ́ ṣáájú iṣẹ́ àkànṣe ọdún ìkẹyìn rẹ̀, kó lè mú àkòrí tó jẹ́ pé ẹnì kan níta ń dúró dè é.

Bí ẹ̀ka yín kò bá ní irú rẹ̀, ẹ kó ara yín jọ ní ẹni mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ ka iṣẹ́ tí olùkọ́ kan ti tẹ̀ jáde, kí ẹ tó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sẹ̀mẹ́sítà, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kún fún ìdánwò.